Ilé Ìgbà Díẹ̀ fún Ẹni tí Kò Rílé Sùn

Oúnjẹ, aṣọ àti ilé ni ohun mẹ́ta tí kò sí ẹni tí ó lè ṣe aláìní wọn. Ẹni tí ebi ń pa lè tọrọ jẹ; ẹni tí aṣọ rẹ̀ ya lè lẹ̀ ẹ́; ṣùgbọ́n ẹni tí ilẹ̀ ṣú bá, tí kò sì mọ ilé tí yóò forí lé, kò ní ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀ sí tún ayé rẹ̀ ṣe. Kò rí ibi wẹ̀ kí ó tó wá iṣẹ́ lọ. Kò rí ibi to ẹrù rẹ̀ sí kí ó tó lọ sí ọjà. Bí ẹnì kan bá tilẹ̀ fẹ́ ràn án lọ́wọ́, kò lè júwe ibi tí a ó ti wá a. Nítorí èyí, ọ̀rọ̀ aláìnílé kọjá ọ̀rọ̀ àánú lásán. Ọ̀rọ̀ ìjọba ni, ọ̀rọ̀ owó ìlú sì ni pẹ̀lú. Ohun tí ó yẹ ní yíyẹ̀wò ni irú ilé ìgbà díẹ̀ tí ó yẹ kí ìjọba kọ́ fún irú ènìyàn bẹ́ẹ̀, àti bí ó ti yẹ kí owó rẹ̀ máa wá.

Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí ọ̀rọ̀ náà ti kan ilẹ̀ Yorùbá, kí ó wo ìlú Òrè. Òrè ni olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Òdìgbó ní ìpínlẹ̀ Oǹdó. Ó wà ní ojú ọ̀nà ńlá tí ó ti Ṣàgámù àti Ìjẹ̀bú-Òde wá, tí ó sì lọ sí Bìní. Níbẹ̀ ni ọ̀nà Oǹdó ti ya sí apá kan, tí ọ̀nà Òkìtìpupa sì ya sí apá kejì. Oríta ni Òrè í ṣe, oríta kì í sì í ṣe aláìní àlejò. Orí oríta yìí ni ó sọ ìlú náà di ojú ogun ní oṣù August, ọdún 1967, nígbà tí àwọn ọmọ ogun Bìáfárà gba Bìní tán, tí wọ́n sì dorí kọ ọ̀nà Èkó. Ibẹ̀ ni àwọn ọmọ ogun ìjọba àpapọ̀ ti dá wọn padà. Láti ìgbà náà ni àwọn ènìyàn ti máa ń sọ nípa ohunkóhun tí ó bá le púpọ̀ pé, "Ó le kú, ìjà Òrè."

Ogun ti parí, ṣùgbọ́n ọ̀nà kò parí. Irú ìlú bẹ́ẹ̀ kò lè ṣe aláìrí oríṣiríṣi ènìyàn tí ilẹ̀ ń ṣú bá láìní ibùsùn. Èrò ọkọ̀ tí ọkọ̀ rẹ̀ dẹnu kọlẹ̀, tí owó ọwọ́ rẹ̀ kò sì tó sùn ní hòtẹ́ẹ̀lì, wà nínú wọn. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó wá wá iṣẹ́ ní ilé ìlagi tàbí ní oko kòkó, tí kò sì tíì rí ọ̀gá tí yóò gbà á, wà nínú wọn. Alábàárù tí ohun tí ó ń rí lóòjọ́ tó jẹun, ṣùgbọ́n tí kò tó san owó ilé ọdún kan lẹ́ẹ̀kan náà, wà nínú wọn. Bẹ́ẹ̀ ni opó tí àwọn ará ilé ọkọ lé jáde, àti arúgbó tí àìsàn ọpọlọ mú kí àwọn ẹbí rẹ̀ kọ̀ ọ́ sílẹ̀. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ìsọ̀, abẹ́ ọkọ̀ akẹ́rù àti ìdíkọ̀ ni irú àwọn wọ̀nyí fi ń ṣe yàrá. Ní ìhà gúúsù, ní etí òkun Ìlàjẹ, ìlú Ayétòrò tí a tẹ̀ dó ní 1947 wà níbẹ̀, tí omi òkun sì ti ń jẹ ilẹ̀ rẹ̀ fún ohun tí ó lé ní ogún ọdún, tí ó sì ti gbé ilé púpọ̀ lọ. Ẹni tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ ilé lè di aláìnílé ní òru ọjọ́ kan.

Àwọn kan yóò sọ pé kò sí aláìnílé ní ilẹ̀ Yorùbá, nítorí pé gbogbo ènìyàn ni ó ní agbo ilé. Òótọ́ díẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Láyé àtijọ́, àlejò tí ó bá wọ ìlú ń bèèrè ilé baálé tàbí ti ọba, a ó sì fún un ní ibi tí yóò wọ̀ sí. Kí a tó bi í léèrè iṣẹ́ tí ó bá wá, omi ni a kọ́kọ́ ń bù fún un. Bí oúnjẹ bá wà, a ó gbé e sílẹ̀ fún un. Bí ó bá sinmi tán ni a ó tó jókòó gbọ́ tẹnu rẹ̀. Nígbà tí ogun tú ìlú ká ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, gbogbo ìlú ńláńlá ni ó gba àwọn ìsáǹsá. Nígbà tí Ìjàyè fọ́ ní 1862, ọ̀pọ̀ àwọn ènìyàn rẹ̀ sá lọ sí Abẹ́òkúta, apá ibi tí wọ́n tẹ̀dó sí ni a sì ń pè ní Àgọ́ Ìjàyè títí di òní. Ẹ kíyè sí orúkọ náà: àgọ́ ni ibi tí a ń wọ̀ fún ìgbà díẹ̀, ṣùgbọ́n ìgbà díẹ̀ náà ti lé ní ọgọ́jọ ọdún.

Ṣùgbọ́n ayé ti yí padà. Agbo ilé tí ó wà ní Òkè-Ògùn tàbí ní Ìlọrin kò lè da aṣọ bo ọmọ rẹ̀ tí ó sùn sí ìdíkọ̀ ní Òrè. Baálé kan ṣoṣo kò sì lè gba gbogbo èrò tí ọ̀nà ńlá ń gbé wá lójoojúmọ́. Iṣẹ́ tí agbo ilé ń ṣe fún ará ìlú díẹ̀ ti di iṣẹ́ tí ó yẹ kí ìjọba ṣe fún ọ̀pọ̀lọpọ̀, nítorí pé ìjọba ni ó ń gba owó orí àti owó ọjà lọ́wọ́ gbogbo wọn.

Nígbà náà, irú ilé wo ni kí ìjọba kọ́? Ọ̀nà méjì ni a lè gbà ṣe é. Èkíní ni ilé tí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ le. Ẹni tí ó bá fẹ́ wọ irú ilé bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ mú ìwé ẹ̀rí wá láti ìlú rẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ ní onígbọ̀wọ́. Ó gbọ́dọ̀ san owó díẹ̀. Ọkùnrin gbọ́dọ̀ ya kúrò lọ́dọ̀ ìyàwó àti ọmọ rẹ̀. Kò sì gbọdọ̀ gbé ẹrù ọjà wọlé. Ìkejì ni ilé tí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ kò ṣòro wọ̀. Níbẹ̀, wọn yóò kọ́kọ́ gba ènìyàn wọlé, wọn yóò fún un ní ẹní, omi àti ibi ìgbọ̀nsẹ̀. Ní ọjọ́ kejì ni wọn yóò tó jókòó tì í láti mọ ohun tí ó ṣe é àti bí a ti lè ràn án lọ́wọ́. Ẹni tí ó bá ro ọ̀rọ̀ náà dáadáa yóò rí i pé ọ̀nà kejì yìí kì í ṣe àjèjì. Omi ṣáájú ìbéèrè: bí àwọn baba wa ti ń ṣe àlejò ni.

Ìdí tí ọ̀nà kejì fi dára ju èkíní lọ kò fara sin. Ẹni tí ilé rẹ̀ jóná, ìwé rẹ̀ jóná pẹ̀lú rẹ̀. Ẹni tí ó bá ní onígbọ̀wọ́ ní ìlú àjèjì, ó ṣeé ṣe kí onígbọ̀wọ́ náà ti gbà á sílé tẹ́lẹ̀. Alájàpá tí a bá ní kí ó fi ẹrù rẹ̀ sílẹ̀ ní ìta yóò yàn láti sùn tì í nínú òtútù, nítorí pé ẹrù náà ni gbogbo ohun tí ó ní láyé. Bí ìbéèrè bá pọ̀ lẹ́nu ọ̀nà, àwọn tí ìyà ń jẹ jù lọ gan-an ni yóò padà sẹ́yìn, àwọn tí ó lè ran ara wọn lọ́wọ́ ni yóò sì wọlé.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Èkó fi èyí hàn kedere. Ní 1924, àjàkálẹ̀ àrùn tí eku ń gbé kiri bẹ́ sílẹ̀ ní ìlú náà. Èyí ni ó mú kí ìjọba dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ ní 1928 láti tún ìlú ṣe. Ní 1955, ìgbìmọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀ sí wó àwọn ilé tí ó fún pọ̀ mọ́ra ní àárín erékùṣù Èkó, lórí ilẹ̀ tí ó tó àádọ́rin éékà, nítorí ìmọ́tótó, àti kí olú ìlú lè bójú mu kí òmìnira tó dé. Wọ́n kọ́ ilé sí Sùúrùlérè fún àwọn tí wọ́n lé kúrò, ìjọba sì san apá kan nínú owó ilé náà fún wọn. Wọ́n ṣèlérí fún àwọn onílẹ̀ pé wọn yóò lè ra ilẹ̀ wọn padà bí àtúnṣe bá parí, ní iye tí ó ju èyí tí ìjọba fi gbà á lọ. Peter Marris, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan tí ó wádìí ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu àwọn ará Èkó, tẹ ìwé jáde lórí rẹ̀ ní 1961. Ó rí i pé ilé náà mọ́, ó sì lẹ́wà, ṣùgbọ́n ó jìnnà. Obìnrin oníṣòwò pàdánù àwọn oníbàárà rẹ̀. Owó ọkọ̀ àti owó ilé ń gba owó oúnjẹ. Àwọn ẹbí tí ó ti máa ń jẹun pọ̀ fọ́n ká. Ilé tí ó bá jìnnà sí ibi tí ènìyàn ti ń jẹ, ìdènà ni jíjìnnà náà fúnra rẹ̀, bí kò tilẹ̀ sí ẹni tí ó dúró lẹ́nu ọ̀nà.

Ti Màrókò burú ju èyí lọ. Ní oṣù July, ọdún 1990, ìjọba ológun ìpínlẹ̀ Èkó fún àwọn ará àdúgbò náà ní ọjọ́ méje péré láti kó jáde, lẹ́yìn náà ni wọ́n kó katakata wọ ibẹ̀. Àwọn tí ó di aláìnílé tó ìwọ̀n ọ̀kẹ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, èyí ni 300,000. Nígbà tí ọ̀rọ̀ ilé mìíràn dé, àwọn tí ìjọba gbà pé wọ́n jẹ́ onílé nìkan ni ó sọ pé òun yóò wá ilé fún. Ilé tí a fún ìwọ̀n díẹ̀ nínú wọn ní Ìlasàn àti Ìkọ̀tà kò tilẹ̀ tíì parí. Ayálégbé, tí ó pọ̀ jù lọ nínú àwọn tí a lé jáde, kò rí nǹkan kan gbà. Ìwé ilẹ̀ ni wọ́n fi ṣe kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn, ẹni tí kò ní ilẹ̀ rí kò sì lè ní irú kọ́kọ́rọ́ bẹ́ẹ̀.

Kì í ṣe ilẹ̀ wa nìkan ni a ti rí irú èyí. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin ti wà láti 1977 pé kí kánsù wá ilé fún aláìnílé, ṣùgbọ́n ìbéèrè rẹ̀ pọ̀: Ǹjẹ́ ó ní ọmọ kékeré? Ǹjẹ́ ó ní àìsàn? Ǹjẹ́ ọmọ àdúgbò yìí ni? Ṣé kì í ṣe òun fúnra rẹ̀ ni ó fa àìnílé rẹ̀? Ẹni tí kò bá yege nínú ìdánwò yìí lè padà sí ẹ̀gbẹ́ títì. Ní oṣù March, ọdún 2020, nígbà tí àrùn kòrónà dé, ìjọba ní kí àwọn kánsù kó gbogbo ènìyàn wọlé láìbéèrè púpọ̀, kódà sínú hòtẹ́ẹ̀lì tí ó ṣófo. Nígbà tí ó fi di oṣù January, ọdún 2021, wọ́n ti ran àwọn ènìyàn tí ó lé ní 37,000 lọ́wọ́. Nígbà tí a ka àwọn tí ń sùn ní ìta ní òru ọjọ́ kan ní 2019, wọ́n jẹ́ 4,266. Ní 2021, wọ́n ti dín sí 2,443. Ṣùgbọ́n owó pàjáwìrì náà kò pẹ́ títí, ìbéèrè àtijọ́ sì padà sẹ́nu ọ̀nà, bẹ́ẹ̀ ni owó ilé ń ga sí i. Ní 2024, iye náà ti di 4,667, ó sì ju ti ìbẹ̀rẹ̀ lọ. Ẹ̀kọ́ méjì ni ó wà níbẹ̀: ilẹ̀kùn tí a ṣí sílẹ̀ ń gba ènìyàn là, ṣùgbọ́n owó tí ó wá lẹ́ẹ̀kan tí kò wá mọ́ kò lè mú ilẹ̀kùn náà wà ní ṣíṣí.

Ilẹ̀ Finland ni a ti rí ẹni tí ó mú owó náà dúró pẹ́. Ní 1987, àwọn aláìnílé ibẹ̀ lé ní 18,000. Láti 2008, ìjọba àpapọ̀ àti àwọn kánsù bẹ̀rẹ̀ sí pawọ́ pọ̀ láti ọdún dé ọdún. Wọ́n sọ púpọ̀ nínú àwọn ilé ìsùn onígbà díẹ̀ di yàrá gidi, wọ́n sì ń fún aláìnílé ní ilé kí wọ́n tó bá a sọ̀rọ̀ ọtí tàbí àìríṣẹ́ṣe. Ní 2022, iye àwọn aláìnílé náà kò tó 4,000. Ilẹ̀ Finland lówó ju tiwa lọ, kò sì sí ẹni tí yóò sọ pé kí Òrè ṣe gẹ́gẹ́ bí Helsinki. Ṣùgbọ́n ọgbọ́n kì í ṣe ohun tí a ń fi owó rà: ilé ìgbà díẹ̀ tí kò ní ọ̀nà àbájáde sí ilé gidi yóò di àgọ́ tí kì í tú mọ́.

Àwọn tí kò fara mọ́ èrò yìí ní àwíjàre. Wọ́n ní bí a bá ń fi ilé sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ láìbéèrè, ọ̀lẹ ni yóò kún ibẹ̀, olè yóò sì fi í ṣe ibi ìfarapamọ́. Ọ̀rọ̀ yìí yẹ ní gbígbọ́, ó sì ní èsì. Ẹni tí ó ń fi orí ru ẹrù láti òwúrọ̀ di alẹ́ kí ó tó sùn sí ìdíkọ̀ kì í ṣe ọ̀lẹ. Ibi tí òkùnkùn wà, tí kò sí ẹni tí ń ṣọ́ ọ, ni olè sì fẹ́ràn, kì í ṣe ilé tí iná wà, tí ọlọ́dẹ jókòó sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Pé ẹnu ọ̀nà kò le kò túmọ̀ sí pé ilé kò ní òfin. Kò gbọdọ̀ sí ìjà níbẹ̀. Kò gbọdọ̀ sí ohun ìjà. Yàrá obìnrin àti ọmọdé gbọ́dọ̀ dá wà, kí ó sì ní ìlẹ̀kùn tí ń tì. Ibẹ̀ náà ni ó yẹ kí yàrá kékeré wà fún tọkọtaya tí ó ní ọmọ. Ìyàtọ̀ tí ó wà níbẹ̀ ni pé ìwà tí ènìyàn hù nínú ilé ni a ó fi ṣe ìdájọ́ rẹ̀, kì í ṣe ìwé tí ó wà lápò rẹ̀ nígbà tí ó dé.

Ó kù kí a wá ibi tí owó yóò ti wá. Òfin ilẹ̀ Nàìjíríà ti 1999 ti fi ọwọ́ kan èyí. Ní Orí Kejì rẹ̀, ó ní kí ìjọba rí i pé gbogbo ọmọ ìlú rí ibùgbé tí ó yẹ, ṣùgbọ́n ní apá mìíràn ó ní a kò lè torí rẹ̀ pe ìjọba lẹ́jọ́. Nínú Àfikún Kẹrin, níbi tí ó ti ka iṣẹ́ àwọn ìjọba ìbílẹ̀, ó dárúkọ ilé fún àwọn òtòṣì àti àwọn aláìlera. Ní ibẹ̀ kan náà ni ó ti dárúkọ ọjà àti ìdíkọ̀. Ẹni tí òfin fún ní àṣẹ lórí ìdíkọ̀, òun kan náà ni ó gbé ẹrù ẹni tí ó sùn sínú ìdíkọ̀ lé lórí. Fún ọjọ́ pípẹ́ ni àwọn kánsù ti ń ráhùn pé owó tí ó tọ́ sí wọn kì í dé ọwọ́ wọn. Ní ọjọ́ 11 oṣù July, ọdún 2024, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ dájọ́ pé kí a máa san owó àwọn ìjọba ìbílẹ̀ fún wọn tààrà. Bí ìdájọ́ yìí bá ti ń fìdí múlẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni àwíjàre àìlówó yóò máa tán.

Nítorí náà, ohun tí ó yẹ kí ará ìlú bèèrè lọ́wọ́ kánsù kò tóbi jù. Kí ilé kan wà ní ibi tí kò jìnnà sí ìdíkọ̀ àti ọjà. Kí ó ní kànga, ilé ìgbọ̀nsẹ̀, iná, àti yàrá kan tí a lè ti ẹrù mọ́. Kí ọlọ́dẹ kan àti òṣìṣẹ́ kan tí ó mọ̀ nípa ìtọ́jú ènìyàn wà níbẹ̀, kí òṣìṣẹ́ yìí sì ní àyè àti owó díẹ̀ láti wá ẹbí fún ọmọ tí ó sọnù, láti bá aláìsàn dé ilé ìwòsàn, àti láti ya alábàárù ní owó yàrá. Kí a kọ iye ènìyàn tí ó sùn níbẹ̀ lóru sílẹ̀, àti iye tí ó kúrò níbẹ̀ lọ sí ilé gidi, kí ará ìlú lè rí ohun tí a fi owó wọn ṣe. Pàtàkì jù lọ, kí owó náà wà nínú ìṣirò owó kánsù lọ́dọọdún, kí ó má ṣe jẹ́ ẹ̀bùn ọjọ́ ìbò.

Ẹni tí ó sùn nínú ilé rẹ̀ lálẹ́ yìí kò mọ̀ bóyá òun ni ọkọ̀ yóò dẹnu kọlẹ̀ fún lọ́la. Iná lè jó, omi lè ya wọ ilé, ìjà lè tú ìlú ká. Ilé tí kánsù bá kọ́ fún àlejò lónìí, ọmọ onílé lè bá ara rẹ̀ nínú rẹ̀ lọ́la. Bí ó ti fẹ́ kí a ṣí ilẹ̀kùn fún òun nígbà náà ni kí ó jẹ́ kí a ṣí i nísinsìnyí.

Ìbéèrè

1. Dárúkọ irú ènìyàn mẹ́ta tí ó lè di aláìnílé ní ìlú tí ó wà ní oríta, kí o sì sọ ìdí rẹ̀.
2. Kí ni ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ilé tí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ le àti èyí tí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ kò ṣòro wọ̀?
3. Kí ni ẹ̀kọ́ tí a rí kọ́ nínú ọ̀rọ̀ Sùúrùlérè? Kí ni a rí kọ́ nínú ti Màrókò?
4. Ṣàlàyé àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí bí a ti lò wọ́n nínú àròkọ yìí: dẹnu kọlẹ̀, ìsáǹsá, onígbọ̀wọ́, àwíjàre, ọ̀nà àbájáde.
5. Kọ àròkọ kan lórí kókó yìí: "Ó sàn kí kánsù tún ọ̀nà ṣe ju kí ó kọ́ ilé fún aláìnílé lọ." Sọ apá tí o fara mọ́, kí o sì fi ìdí rẹ̀ hàn.